Abéèrè Kì í Ṣìnà: Ìtàn Bí Àwọn Ẹ̀rọ Ṣe Ń Bi Ara Wọn Léèrè Ọ̀nà

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ibi òkú ṣíṣe ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, à ń ṣe òkú bàbá àgbà wa ní Ìjẹ̀bú. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Kánópì gba ojú títì, èrò pọ̀ bí eéṣú, gbogbo èèyàn ló gbé fóònù sókè tí wọ́n ń ya fídíò. Ìgbà tó yá, òòyì kọ́ ìyá mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà nínú mọ́tò, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sì wà lọ́wọ́ àbúrò mi, Ṣẹ́gun. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo tún pè é, kò lọ. Èrò ti pọ̀ jù fún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Bẹ́ẹ̀ Ṣẹ́gun ò jìnnà sí mi ju ojúlé mẹ́wàá lọ.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo kígbe sí tábìlì tó kàn mí: "Ẹ bá mi pe Ṣẹ́gun o, kó mú oògùn Mọ́mì wá!" Àwọn yẹn kígbe sí tábìlì tó tẹ̀ lé wọn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ní, "Ṣẹ́gun? Ìdí ọtí ló wà." Wọ́n bá darí ọ̀rọ̀ sí ìdí ọtí. Ṣẹ́gun ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Obìnrin yẹn ò purọ́ o, ohun tó rí ló sọ, àmọ́ ohun tó rí ti di àná. Ibẹ̀ la ti fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣòfò. Ọmọ kékeré kan tó ń kó ike omi ló padà rí i lẹ́bàá àwọn onílù. Mọ́mì lo oògùn, ara wọn sì balẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè méjì ti ń jẹ mí lọ́kàn. Èkíní: èmi àti Ṣẹ́gun jọ wà ní àdúgbò kan, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ mi fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun orí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kó tó padà wá bá a? Kí ló dé tí àwọn fóònù tó wà láàárín wa ò lè máa gbé e fún ara wọn bí àwọn èèyàn ti gbé e? Èkejì: bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ gbé e, báwo ni wọn yóò ṣe mọ ibi tí Ṣẹ́gun wà, nígbà tí Ṣẹ́gun ò dúró sójú kan?

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń bá ìbéèrè méjèèjì yìí jìjàkadì. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Láti erékùṣù dé ilé ọtí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Hawaii. Erékùṣù ni ibẹ̀, omi òkun ló pín wọn níyà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1971, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii bẹ̀rẹ̀ sí í lo rédíò láti so àwọn tó wà níbòmíràn pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kan ní erékùṣù Oahu. ALOHAnet ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ò le rárá. Bí o bá ní ọ̀rọ̀, sọ ọ́. Bí o kò bá gbọ́ èsì, á jẹ́ pé ìwọ àti ẹlòmíràn ti jọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ yín ti kọ lura. Dúró díẹ̀, kí o tún un sọ. Kí oníkálukú má sì dúró fún iye àkókò kan náà, kí ẹ má bàa tún kọ lura.

Ọgbọ́n yìí kọ́ ayé pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè jọ lo afẹ́fẹ́ kan náà láìsí alága tí yóò máa sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà àárín fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀.

Àwọn tó mú ìyẹn wá ni DARPA, iléeṣẹ́ ìwádìí tó wà lábẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ohun tó ń dùn wọ́n yé mi dáadáa: ojú ogun kì í ní òpó. Sójà ń rìn, ọkọ̀ ń rìn, bí ọ̀tá bá sì wó òpó kan ṣoṣo tí gbogbo yín gbójú lé, ó parí. Ní ọdún 1973, Robert Kahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan dìde tí wọ́n pè ní Packet Radio Network, PRNET ní kúkúrú. Wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń dì í ní ẹyọ ẹyọ, wọ́n sì ń kọ ibi tó ń lọ sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ yẹn ni wọ́n ń pè ní packet. Rédíò kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ méjì: kó rán ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kó sì bá àwọn yòókù gbé tiwọn.

Agbègbè San Francisco ni wọ́n ti dán an wò. Àwọn òṣìṣẹ́ SRI ní Menlo Park kó rédíò àti kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀ ńlá kan. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1976, wọ́n wa ọkọ̀ náà lọ sí ilé ọtí kan ní Portola Valley tí wọ́n ń pè ní Rossotti's. Wọ́n fa wáyà láti inú ọkọ̀ dé orí tábìlì onípákó níta, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lé e, wọ́n sì fi ìròyìn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ wọn ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba afẹ́fẹ́ lọ, ó sì wọ inú ARPANET, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó ń lo wáyà nígbà náà. Ilé ọtí yẹn ṣì wà, Alpine Inn lorúkọ rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti kan àmì ìrántí mọ́ ọn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 1977, ọkọ̀ náà ń rìn lójú títì bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gba rédíò, ó gba wáyà, ó gba sátẹ́láìtì kọjá òkun Atlantic dé Yúróòpù, ó sì padà sí Los Angeles láìsọnù. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ló gbà pé ọjọ́ yẹn ni íntánẹ́ẹ̀tì fi ara rẹ̀ hàn. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà kò dúró. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìrìn ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìròyìn àná

Báwo wá ni rédíò PRNET ṣe ń mọ ọ̀nà? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ àgbà kan ló mọ gbogbo ọ̀nà, òun ló ń pín in fún àwọn yòókù. Ẹ̀yin náà rí àléébù rẹ̀: bí ẹ̀rọ àgbà bá kú, gbogbo ilé ti fọ́jú. Nígbà tó yá, wọ́n pín ìmọ̀ náà káàkiri. Gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 7.5 ni rédíò kọ̀ọ̀kan ń kéde pé, "Mo wà níbí o, àwọn tí mo mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn nìyí, bí wọ́n ṣe jìnnà tó nìyí." Aládùúgbò rẹ̀ á gbọ́, á ṣírò tirẹ̀ lé e, òun náà á kéde.

Ó dára títí tí ẹnì kan fi ṣípò. Ẹ bá mi fojú inú wo àdúgbò kan. Ilé Bísí kan ilé Káyọ̀dé, ilé Káyọ̀dé kan ilé Adé. Káyọ̀dé kọ sínú ìwé rẹ̀ pé ilé Adé ló kan tòun: ìṣísẹ̀ 1. Bísí kọ pé ìṣísẹ̀ 2, òun á gba ọ̀dọ̀ Káyọ̀dé. Ní ọjọ́ kan, Adé kó kúrò. Káyọ̀dé wò, kò rí Adé mọ́. Bó ṣe ń ronú ohun tí yóò ṣe, Bísí ń ṣe ìkéde rẹ̀ bó ti máa ń ṣe é: "Mo mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Adé, ìṣísẹ̀ 2." Inú Káyọ̀dé dùn. Kò mọ̀ pé ọ̀nà òun fúnra òun ni Bísí ń tà padà fún òun. Ó kọ ọ́ pé: Adé, kí n gba ọ̀dọ̀ Bísí, ìṣísẹ̀ 3. Bísí gbọ́ 3, ó yí tirẹ̀ sí 4. Káyọ̀dé yí tirẹ̀ sí 5. Ẹni tó bá rán ọ̀rọ̀ sí Adé lákòókò yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀ láàárín ilé méjì bí ẹni tí òòyì kọ́, bẹ́ẹ̀ Adé ò sí níbẹ̀.

Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìròyìn àná ló pa wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wíwá ọ̀nà nìkan. Ọ̀nà wíwá rọrùn. Mímọ̀ pé ọ̀nà tí o mọ̀ ti kú ló ṣòro.

Ní ọdún 1994, Charles Perkins àti Pravin Bhagwat mú oògùn kan wá níbi ìpàdé SIGCOMM ní Lọ́ńdọ̀nù. DSDV ni wọ́n pè é. Wọ́n ní kí Adé máa fi nọ́ńbà sára ìròyìn nípa ara rẹ̀, kí nọ́ńbà náà sì máa gòkè. Bí Adé bá kéde pé òun wà pẹ̀lú nọ́ńbà 20, tí Káyọ̀dé wá rí i pé ọ̀nà ti já, Káyọ̀dé á kéde pé, "Ọ̀nà Adé ti já," á sì fi nọ́ńbà 21 sí i. Ìròyìn Bísí tó jẹ́ 20 ti gbó nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní tẹ̀ lé e. Ìgbà tí Adé fúnra rẹ̀ bá tún kéde pẹ̀lú 22 ni ọ̀nà á tó ṣí padà. Nọ́ńbà kékeré lásán, òun ló kọ́ àwọn ẹ̀rọ láti mọ ìròyìn òní yàtọ̀ sí ti àná.

Má bèèrè àfi tí o bá ń lọ

Àléébù kan ṣì kù. Gbogbo ẹ̀rọ ṣì ń pariwo ọ̀nà káàkiri, bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ síbẹ̀ o, bí kò sì sẹ́ni tó ń lọ. Ariwo yẹn ń jẹ bátìrì, ó ń jẹ afẹ́fẹ́.

Ọdún 1994 yẹn náà ni David Johnson ní Yunifásítì Carnegie Mellon wò ó láti apá kejì. Ó ní kí ẹ̀rọ dákẹ́ títí di ìgbà tó bá ní ọ̀rọ̀ láti rán. Ìgbà náà ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè: "Ta ló mọ Adé?" Ẹni tó bá gbọ́ tí kò mọ̀ ọ́n á kọ orúkọ tirẹ̀ sí ìdí ìbéèrè náà, á sì tún un bèèrè. Nígbà tí ìbéèrè bá dé ọ̀dọ̀ Adé, orúkọ gbogbo àwọn tó gbà kọjá ti wà lára rẹ̀. Adé á dá ìwé orúkọ náà padà, ẹni tó bèèrè á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ rán. DSR lorúkọ ọgbọ́n yìí. Nígbà tó yá, Perkins àti Elizabeth Royer da ọgbọ́n méjèèjì pọ̀. AODV tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1999 ń bèèrè nígbà tó bá pọn dandan bíi DSR, ó sì ń fi nọ́ńbà dá ìròyìn tuntun mọ̀ bíi DSDV.

Àwọn àgbà wa ní abéèrè kì í ṣìnà. Mo ti rò ó títí, mo sì rí i pé àwọn onímọ̀ yìí kò ta ko òwe náà, wọ́n kàn fi àlàyé kún un ni: abéèrè kì í ṣìnà, àfi tí ẹni tó bi bá ń sọ ìròyìn àná fún un.

Ní ọdún 1998, àwọn ará Carnegie Mellon gbé ọgbọ́n mẹ́rin sínú ìdíje. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe lójú ayé. Wọ́n ya pápá kan tó gùn ní mítà 1500, tó fẹ̀ ní mítà 300, wọ́n da ẹ̀rọ 50 sínú rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa rìn káàkiri fún ìṣẹ́jú àáyá 900. DSDV ṣe dáadáa nígbà tí ìrìn bá mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n bí àwọn ẹ̀rọ bá ń rìn láìsinmi, ìròyìn rẹ̀ kì í bá wọn dọ́gba mọ́. DSR àti AODV, àwọn tó ń bèèrè nígbà tí wọ́n bá ń lọ, ló ta yọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ló jáde lẹ́yìn ìyẹn, irú pápá yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò.

Ọ̀rọ̀ sì wà nínú pápá náà. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ kan fi hàn pé bí wọ́n ṣe ń mú àwọn ẹ̀rọ rìn kò tọ́. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń yan ibi tó ń lọ àti eré tí yóò sá. Ẹni tó bá yan eré tètè dé, ó yan òmíràn. Ẹni tó bá yan ìrìn ìgbín, ojú ọ̀nà ló wà títí. Bí àkókò ṣe ń lọ, àwọn tó ń rìn bí ìgbín ló ń pọ̀ sí i, tí gbogbo pápá sì ń falẹ̀ láìsí ẹni tó fura. Àwọn tó rò pé àwọn ń dán eré sísá wò, ìrìn ìgbín ni wọ́n ń dán wò.

Orí òrùlé

Àwọn tó gun orí òrùlé ló wá rí òmíràn. Ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, àwọn ará MIT ní kí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn gbé áńtẹ́nà Wi-Fi sórí ilé. Roofnet ni wọ́n pè é. Nígbà tó fi máa di ọdún 2005 tí wọ́n kọ ìròyìn rẹ̀, ẹ̀rọ 37 ló wà lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin níbùú lóròó. Títí di ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ọgbọ́n ń wá ni ọ̀nà tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kéré jù. Lórí òrùlé, ìṣísẹ̀ díẹ̀ túmọ̀ sí ìṣísẹ̀ gígùn, ìṣísẹ̀ gígùn sì túmọ̀ sí pé ẹ̀ ń fi agbára káká gbọ́ ara yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀nà gígùn kan ṣoṣo bá ń gba ẹyọ 1 wọlé nínú 4, ìgbà mẹ́rin lẹ máa rán an kó tó dé. Bí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ aládùúgbò kan kọjá, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń gba 9 wọlé nínú 10, ẹ ò ní rán an ju ìgbà méjì àti díẹ̀ lọ. Ọ̀nà tó kúrú kọ́ ló yá. Ní ọdún 2003 ni wọ́n sọ èyí di ìlànà, ETX lorúkọ rẹ̀: má ka ìṣísẹ̀, ka iye ìgbà tí wàá rán an.

Ní ìlú Berlin, ní Jámánì, kì í ṣe ìwádìí ló gbé àwọn èèyàn gun òrùlé, àìrí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ní àwọn apá kan ní ìlà-oòrùn ìlú náà, okùn fáíbà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ọdún 1990 sókè kò gba DSL. Àwọn ará àdúgbò wá ń so ilé mọ́ ilé fúnra wọn láti ọdún 2002, wọ́n sì pe ara wọn ní Freifunk. OLSR ni wọ́n kọ́kọ́ lò, ọgbọ́n tí àwọn ará Faransé ní INRIA gbé jáde, nínú èyí tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti ń ya àwòrán gbogbo ìlú sọ́kàn kó tó mọ ọ̀nà. Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i, àwòrán náà di ẹrù fún ẹ̀rọ kékeré tí kò wọ́n.

Ní nǹkan bíi ọdún 2006, wọ́n kọ ọgbọ́n tuntun, B.A.T.M.A.N. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ẹ̀rọ kò ní láti mọ ìlú. Ohun kan ṣoṣo ló ní láti mọ̀ nípa Adé: nínú àwọn aládùúgbò mi, ọ̀dọ̀ ta ni ìkéde Adé ti ń dé sí mi jù? Mo gbé ọ̀rọ̀ fún ẹni yẹn, ó tán. Ẹni yẹn náà á bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà. Ìmọ̀ tó kéré kì í tètè gbó. Ní ọdún 2011, ọgbọ́n àwọn ará òrùlé yìí wọ inú Linux, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ṣé ó ṣiṣẹ́?

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé gbogbo wàhálà yìí já sí asán, torí òpó ló ṣì ń gbé ìpè wa. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní ọdún 2000, Piyush Gupta àti P. R. Kumar fi ìṣirò hàn pé bí àwọn tó ń bá ara wọn gbé ọ̀rọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa kéré sí i, torí púpọ̀ nínú agbára rẹ ló ń bá ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ní ibi òkú tiwa yẹn, bí gbogbo àwọn tó ń ya fídíò bá fẹ́ gba ara wọn kọjá, kò sẹ́ni tí fídíò rẹ̀ máa lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe fídíò ni mo fẹ́ rán lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Nígbà tí ìjì Sandy jà ní New York ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, iná lọ, fóònù dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní àdúgbò Red Hook, àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í so Wi-Fi tó ń gba orí òrùlé dé òrùlé. Kékeré ni, àmọ́ ó dúró. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àjálù mú sátẹ́láìtì wá so mọ́ ọn, ibẹ̀ sì ni àwọn ará àdúgbò àti àwọn tó wá ṣèrànwọ́ ti ń rí ìròyìn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òpó jẹ́ ọ̀nà tó dára; bí ó bá wó, kí òmíràn wà.

Mo ṣì máa ń rántí obìnrin tó ní ìdí ọtí ni Ṣẹ́gun wà. N kò bínú sí i. Bí mo bá tún bá ara mi níbẹ̀ lónìí, n kò ní bèèrè pé, "Níbo ni Ṣẹ́gun wà?" Màá bèèrè pé, "Ta ló rí Ṣẹ́gun, ìgbà wo ló sì rí i?" Ìdajì ìbéèrè kejì yẹn ni nọ́ńbà inú DSDV wà láti dáhùn.

Ibi tí ma ti dánu dúró nìyí lónìí. Bí ètò yìí bá ṣe yín láǹfààní, ẹ fi ṣọwọ́ sí ẹnì kan, kí ẹni yẹn náà fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn.  Ó di ìgbà mìíràn.